Ọjọ́ Tí Ìyá Wa Gún Ẹ́ńjìnnì

Òórùn kẹrosíìnì tí wọ́n pò mọ́ epo ẹ́ńjìnnì ni mo ń gbé lọ sí ilé-ìwé ní àsìkò òjò ọdún yẹn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ kẹrosíìnì dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ fi tan fìtílà kàwé, tí ìyá yín sì fi lé ìjàlọ kúrò nínú ilé. Ṣùgbọ́n tèmi yàtọ̀. Ó wọnú èékánná mi, ó wọnú irun dídì mi, ó sì ń bá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ọmọ kíláàsì mìíràn. Tíṣà wa, ọkùnrin kan tí imú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ojú rẹ̀ lọ, á dúró láàárín wa, á fa èémí símú, á ní, "Ta ló ń ta kẹrosíìnì nínú yín?" Gbogbo kíláàsì á nawọ́ sí mi. Ojú kò tì mí rárá. Mo tiẹ̀ ń gbéra ga, nítorí kò sí ọmọ mìíràn ní gbogbo Èjìgbò tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe láràárọ̀ kí n tó kúrò nílé. Èmi ni mò ń fún ẹ́ńjìnnì bàbá mi ní oògùn.

Ojú ọ̀nà tó lọ sí ìlú Ara ni ilé wa wà. Àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, kànga kan wà níbẹ̀ àti igi máńgòrò kan tí àwọn adìyẹ ń sùn sí. Abẹ́ máńgòrò yìí ni ọkọ̀ bàbá mi máa ń wà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aláwọ̀ ewé kan tó ti gbó díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Abíjàn ni bàbá mi ti wà á wá, ó gba ilẹ̀ Gánà kọjá títí ó fi dé Èjìgbò, eruku sì bò ó débi pé a kò mọ àwọ̀ rẹ̀ àfi ìgbà tí a da omi sí i. Lákòókò yẹn, ìparí àwọn ọdún 1980, bí èèyàn bá ju òkúta sáàárín ìgboro Èjìgbò, orí ẹni tó ní ẹbí ní Abíjàn ló máa bà. Kò sí agboolé tí kò ní ènìyàn lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹni tó wa ọkọ̀ tirẹ̀ bọ̀ wálé kò pọ̀. Bàbá mi sọ ọkọ̀ náà ní Màdáàmù, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin pàtàkì níbẹ̀, gbogbo àdúgbò sì ń kí i lórúkọ náà.

Kò pẹ́ tí bàbá mi fi padà sẹ́nu òwò rẹ̀ ní Abíjàn. Ó ní wàhálà ẹnubodè ti sú òun, òun kò ní í wa ọkọ̀ padà, kí a bá òun tọ́jú rẹ̀. Nǹkan bíi páálí tí ọkọ̀ fi ń sẹ́ atẹ́gùn ti ya, ó yọ ọ́ dànù, ó sì fi nílọ́ọ̀nù àti rọ́bà so ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, kí aláǹgbá má baà wọ̀ ọ́. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lọ.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni olórí agboolé wa, ohunkóhun tí ọkùnrin ì báà máa sọ. Kò pẹ́ tí Bọ́ọ̀dá Làsísì, mẹkáníìkì tó wà nítòsí wa, wá sọ fún un pé ọkọ̀ tó bá dúró lójú kan gbọ́dọ̀ máa rí ẹni tan án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà wò ó látòkè délẹ̀. "Ọkọ̀ ẹni tó kú ni ẹlòmíràn ń jókòó sí àyè rẹ̀ tan," ó ní, "nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pín ogún. Ọmọ tèmi ń bọ̀." Ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kì í ṣe ẹni tí í fi nǹkan ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìdọ̀tí. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí àwọn èèyàn tó gba mọ́ṣáláṣí lọ, èmi àti àbúrò mi Músá ló ń fọ Màdáàmù. A ó fọ ara rẹ̀, a ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, Ìyá Àgbà á wá ní kí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ẹni tó wẹ̀ tí kò fọ ẹnu, ṣé ó wẹ̀ ni?" A ó tú nílọ́ọ̀nù yẹn, kí omi ọṣẹ lè dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé, a ó da omi sí i, a ó fi kànìnkànìn gbo ó, a ó tún da omi sí i. Nígbà tí a bá ṣe tán, èmi ni mò ń so nílọ́ọ̀nù padà. Mi ò gbàgbé rí. Mo so ó le dáadáa, kí nǹkan kan má baà wọ̀ ọ́.

Ó lé lọ́dún méjì kí bàbá mi tó dé, ó gbé báàgì kan lọ́wọ́, ó sì ru búrẹ́dì gígùn ti ibẹ̀ léjìká, èyí tó ti le bí igi ìdáná kó tó kọjá Kùtọ̀nú. Ó ti rù díẹ̀. Ìyá wa wò ó títí kó tó kí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà tú etí ìró rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọmọ rẹ̀ níwájú gbogbo wa. Ọkọ̀ ń dán. Èèyàn lè fi ara rẹ̀ wo dígí. Bàbá mi yí i po, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú o." Ojú Ìyá Àgbà kún fún ayọ̀.

Bọ́ọ̀dá Làsísì gbé bátìrì wá. Wọ́n so ó, bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́, ohun tí a gbọ́ kò ju "tọ́" kan ṣoṣo. Wọ́n fi í sí jíà, gbogbo wa tì í. Táyà ń wọ́ nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Bọ́ọ̀dá Làsísì di nọ́ọ̀tì iwájú ẹ́ńjìnnì mú pẹ̀lú sípánà, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kò mira. "Ó ti gan, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú púlọ́ọ̀gì kúrò lẹ́nu àwọn ihò ẹ́ńjìnnì. Ihò kìn-ín-ní gbẹ, ìkejì gbẹ, ìkẹrin náà gbẹ. Nínú ìkẹta, ó ti okùn kan bọ̀ ọ́, okùn náà sì jáde pẹ̀lú omi tó pọ́n bí odò lẹ́yìn òjò.

"Omi wo nìyí?" bàbá mi bi í.

Músá ló dáhùn. Inú rẹ̀ dùn pé òun mọ ìdáhùn. "Omi tí à ń fi fọ inú ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni, Bàbá. A máa ń tú nílọ́ọ̀nù kó lè débẹ̀ dáadáa. Rùká ló ń so ó padà."

Bàbá mi wo Músá, ó wò mí, ó wo nílọ́ọ̀nù tí mo so. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ lórí gbòǹgbò máńgòrò. Bọ́ọ̀dá Làsísì rẹ́rìn-ín, ìyá wa náà sì fi ìborùn bo ẹnu. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Bọ́ọ̀dá Làsísì ṣàlàyé fún òun ohun tí omi ń ṣe sí irin nínú ibẹ̀. Nígbà tó ṣàlàyé tán, ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, kò sì jáde títí tí oúnjẹ alẹ́ fi tutù.

Ohun tó fà á nìyí. Gbogbo wa nínú ilé ni a ti gbọ́ ohun tí bàbá mi sọ fún ìyá wa lálẹ́ ọjọ́ tó dé, nítorí ògiri ilé wa kì í pa àṣírí mọ́. Ó ní Abíjàn ti sú òun. Bí Màdáàmù bá ń rìn, òun á dúró sílé, òun á máa fi kó iṣu àti ata láti Ara àti Masifa wá sọ́jà Èjìgbò. Bí kò bá sì rìn, kí ni òun fẹ́ jókòó ṣe? Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Abíjàn máa gbéra ní ìparí oṣù, òun á bá wọn lọ. Èmi nígbà yẹn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìdajì ìdajì ni mo mọ bàbá mi. Á dé, mà á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí tàwọn ẹlòmíràn, á tún lọ. Mi ò fẹ́ kó lọ. Ìyá Àgbà tó máa ń sọ pé "àjò kì í dùn kí onílé má relé" ti gbàdúrà lórí ìpadàbọ̀ yìí títí orúnkún rẹ̀ fi le. Ó wá di pé omi tó ní kí a máa fi fọ ọkọ̀ ló máa lé ọmọ rẹ̀ padà sẹ́yìn odi.

Ìyá wa kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀, ó sì ní kí Bọ́ọ̀dá Làsísì ṣe é kó yé òun. Bọ́ọ̀dá Làsísì ní ihò mẹ́rin ló wà níbẹ̀, irin róbótó kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń lọ sókè sódò, písítìnì lórúkọ rẹ̀. Irin kan náà ni gbogbo wọn so mọ́ nísàlẹ̀, bí ọ̀kan bá kọ̀, àwọn yòókù kò lè ṣe é. Ìyá wa ronú díẹ̀. "Odó mẹ́rin ni," ó ní. "Ọmọ odó kan ló há."

Bí oògùn mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bọ́ọ̀dá Làsísì po kẹrosíìnì mọ́ epo, ó ní kí a máa da díẹ̀ sínú ihò náà láràárọ̀ kó lè máa rin ìpẹtà wọlé. Èmi ni wọ́n gbé agolo mílíìkì lé lọ́wọ́, nítorí ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Àwọn obìnrin tó ń lọ sódò á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Rùká, ara Màdáàmù ńkọ́?" Mà á ní, "Ó ń yá díẹ̀díẹ̀ o." Ìyá Àgbà gbé òrí wá, ó ní òrí yìí ló ń tú orúnkún òun bó bá gan. Bàbá mi kò lè kọ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó gbà á, ó fi pa ìdè bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì náà kò sì dún mọ́ láti ọjọ́ yẹn, kí a sọ òótọ́.

Nírọ̀lẹ́, a ó fi ọkọ̀ sí jíà, àwa ọmọ àdúgbò á tì í síwájú, a ó sáré yíká lọ tì í sẹ́yìn, ká lè máa mì í. Bàbá mi á yọrí lójú fèrèsé, á máa pariwo, "Dúsúmáà! Dúsúmáà!" Ohun tí wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún nìyẹn bí wọ́n bá fẹ́ kí èèyàn rọra. Kò pẹ́ tí gbogbo ọmọdé àdúgbò fi ń pe dúsúmáà fún ẹni tó gbé omi, fún ẹni tó ń jẹun, àti fún àgùntàn. A gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí àwọn yòókù bá ti lọ, mà á lọ dúró sí ìdí ọkọ̀, mà á fi èjìká tì í nìkan, bóyá ó kàn ń tijú èrò ni.

Ẹ́ńjìnnì kò yí. Àwọn tó ń ra irin àlòkù gbọ́, wọ́n wá, wọ́n ń fi ìka kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ bí ẹni ń ra ìkòkò. Ìyá Àgbà gbá wọn jáde. "Ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹ ti ń wọn pósí fún un! Ẹ jáde fún mi!" Ọ̀kan nínú wọn fi bàtà kan sílẹ̀ sá lọ.

Ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì máa gbéra kò dúró dè wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, báàgì bàbá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyá wa ti di gàrí àti ẹ̀gúsí sí i. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa lọ. Bọ́ọ̀dá Làsísì ti ṣí òkè ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ láti àná, a sì lè rí inú rẹ̀: mẹ́ta nínú àwọn ihò mẹ́rin náà ń dán, ṣùgbọ́n ògiri ihò kẹta tó há ti pọ́n yíká. Nígbà tó fi di ọ̀sán, sùúrù ti tán lára rẹ̀. Ó gbé òòlù ńlá kan àti ọ̀pá irin wá, ó gbé ọ̀pá lé orí písítìnì, ó sì lù ú. Ohùn náà dé inú eyín mi.

"Rọra, má fọ́ ọ!" bàbá mi pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n, bó bá fọ́, ó fọ́. Bí kò bá fọ́, á yí. Kí la tún fẹ́ máa wò?"

Ìyá wa ń bẹ iṣu fún oúnjẹ tí bàbá mi máa jẹ kó tó lọ. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó dìde. Ìyá wa kì í pariwo; bó bá ti ń rọra sọ̀rọ̀ ni ẹ̀rù ń bà wá. "Làsísì," ó ní, "ta ló sọ fún ọ pé gbogbo ohun tó bá le, òòlù ló ń gbọ́?" Ó wá fi òwe rẹ̀ kún un, èyí tí mo ti gbọ́ lórí aṣọ tí mò ń fọ̀, lórí irun tí mò ń yà, lórí ilẹ̀kùn tó há: "Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja." Ó ní kí wọ́n wá igi. Igi kì í dọ́gbẹ́ sí irin lára. Igi tí orí rẹ̀ róbótó, tó máa bá ihò yẹn dọ́gba.

Ẹni tó dáhùn ni Ìyá Àgbà. Ó jáde láti yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ odó rẹ̀, èyí tó kékeré, tó gbé wá sílé ọkọ nígbà tó ṣe ìyàwó. Ó ti dán nítorí bó ṣe ń lò ó láti ìgbà yẹn. Kò sẹ́ni tó lè yá a. Ìyá wa pàápàá, odó ńlá ló ń lò. Ó gbé e lé ìyá wa lọ́wọ́.

"Ìyá, epo á bà á jẹ́," bàbá mi ní.

"Àkànní," ó dá a lóhùn, "ṣé ọmọ odó ni mo bí ni?"

Orí ọmọ odó náà tóbi díẹ̀ ju ihò lọ, Bọ́ọ̀dá Làsísì sì fi ọ̀bẹ fá etí rẹ̀. Ìyá Àgbà kọjú sí ògiri títí ó fi fá a tán. Ìyá wa gun àpótí, ó ki ọmọ odó bọ ihò náà, ó ní, "Bísímílááhì."

Ẹni tó bá ti gún iyán rí mọ̀ pé a kì í fi agbára bẹ̀rẹ̀. A ó kọ́kọ́ máa tẹ̀ ẹ́, a ó máa fi ọwọ́ gbọ́ bó ṣe ń ṣe, ibi tó le àti ibi tó ti ń rọ̀. Bí ìyá wa ṣe ṣe é nìyẹn. Pó, pó, pó, ó kéré, ó dọ́gba, ó ń tẹ́tí. Bọ́ọ̀dá Làsísì di sípánà mú níwájú, ó ń mì í díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi wà nídìí ọwọ́ ọkọ̀. Èmi àti Músá àti àwọn ọmọ àdúgbò wà lẹ́yìn. Nígbà tó rẹ ìyá wa, Ìyá Àgbà gun àpótí, ó gba ọmọ odó rẹ̀, ó sì ń gún un lọ bí ẹni ń gún ata fún àlejò. Mo gbọ́ ohun tó ń sọ sí i láàárín eyín. "Dákun. Mi ò mọ̀ ni. Dákun."

Ìwo bọ́ọ̀sì dún láti ìgboro. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọkùnrin kan wọlé pé bàbá mi nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Bàbá mi ní kó fún òun láyè díẹ̀. Ìyá wa ti gba ọmọ odó padà. Kò wo ọkùnrin náà, kò wo báàgì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó pè mí. "Rùká, ẹ̀ ń tì í ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ kò sì bá mi dọ́gba. Gbọ́ ọmọ odó. Bó bá ti balẹ̀, ẹ tì í. Kó má ṣe ṣáájú, kó má sì gbẹ̀yìn."

Mo gbé etí lé e. Pó, mo ní "ẹ tì!", a tì í. Pó, "ẹ tì!" Ìwo dún lẹ́ẹ̀kejì, ó gùn. Pó, "ẹ tì!" Ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, òógùn ń wọ̀ mí lójú, mo sì ń sunkún, mi ò sì fẹ́ kí Músá rí i. Pó, "ẹ tì!"

Mo rò pé èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ọkọ̀ tó ti le bí ògiri láti ọjọ́ yìí wá fún mi láyè lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó kéré, kò ju ìbú ìka kan lọ. Ohùn kan dún nínú rẹ̀, "kẹ̀rẹ̀," bí ẹni ń fa àpótí lórí ilẹ̀. Bọ́ọ̀dá Làsísì ju sípánà sókè. "Ó yí! Ẹ̀gbọ́n, ó ti yí!" Ìyá wa kò dúró. Ó gún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọ odó sì rọ̀ lọ sísàlẹ̀ níwájú gbogbo wa.

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀. Ó wo inú ihò náà, ó fi ìka kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo títí dé ìgbúnwọ́. Ó wá yíjú sí ọkùnrin tó wá pè é. "Ẹ máa lọ," ó ní. "Ẹ bá mi kí wọn." Ìyá wa jókòó sórí àpótí, ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀, epo sì kun gbogbo ojú rẹ̀ dúdú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un títí di alẹ́.

Ẹ́ńjìnnì kò tíì jí lọ́jọ́ náà o. Bọ́ọ̀dá Làsísì ní láti wá gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa fi dí òkè ẹ́ńjìnnì lọ sí Òṣogbo, wọ́n ní láti fi yanrìn kíkúnná ha ìpẹtà, ọ̀pọ̀ èébú sì wà láàárín rẹ̀. Nígbà tó jí, ó tu èéfín débi pé àwọn adìyẹ fi máńgòrò sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá Àgbà ló jókòó síwájú lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wà á dé Masifa lọ kó iṣu. Ó dé gèlè bí ìyàwó tuntun, ó ń kí gbogbo èèyàn tó wà lójú ọ̀nà, títí kan àwọn tí kò mọ̀ rí. Lẹ́yìn náà, ó fi eérú àti omi gbígbóná fọ ọmọ odó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Nígbà tí ata kan tí wọ́n fi gún rùn kẹrosíìnì, ó gbé ọmọ odó náà fún Bọ́ọ̀dá Làsísì. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí mo fi dàgbà, àwọn mẹkáníìkì láti ìlú mìíràn sì máa ń wá béèrè bóyá ìyá wa lè wá bá wọn gún tiwọn.

Mo ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà yẹn lọ báyìí. Ìbàdàn ni mò ń gbé, mo ní ọkọ̀ tèmi, bó bá sì dún lọ́nà tí kò yé mi, mo máa ń gbé rédíò sókè ni. Àìmọye ìgbà ni mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ mi, apá tí mo sì fi ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù ni ti ọmọbìnrin yẹn nínú ẹrẹ̀, tó rò pé ọwọ́ òun méjèèjì ló dá bàbá òun dúró sílé. Àgbàlagbà ni mí, mo mọ̀ pé ọkùnrin tó ní ìyàwó àti ọmọ kò ní í torí irin kan ṣoṣo kúrò nílé. Ó ti pinnu láti dúró tẹ́lẹ̀ ni, mo máa ń sọ fún wọn. Ó kàn ń wá ohun tí yóò fi bojú níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni.

Ní ọdún iléyá tó kọjá, mo bá bàbá mi jókòó nínú àgbàlá. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tó ṣe ọpọlọ rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Mo ní, "Bàbá, ká ní kò yí lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò ní í lọ náà, àbí?"

Kò tiẹ̀ ronú sí i.

"Ǹ bá lọ," ó ní. "Bóyá ibẹ̀ ni wọn ì bá sin mí sí."

Ó ní kí n gbé ẹran sún mọ́ òun. Mo gbé e sún mọ́ ọn, ẹrù wúwo kan sì já lulẹ̀ lọ́kàn mi. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ti ń fi ọmọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ọmọ mi. Nínú èmi àgbàlagbà àti ọmọ yẹn, òun ló mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì tì í.